BÍBỌ́ ATA ÀTI TÒMÁTÌ INÚ ÀPÒ: ÌGBÀ TÍ A Ó FÚN UN LÓÚNJẸ ÀTI ÌGBÀ TÍ A Ó DÁWỌ́ DÚRÓ

  Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí kò lọ sídìí ìwé ìfowópamọ́ tàbí èlé orí owó yíyá. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ń lọ, sídìí àwọn àpò ata àti tòmátì tí púpọ̀ nínú wa ti tò sábẹ́ òrùlé ọ̀rá.

Gbogbo wa la mọ ohun tó mú wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tòmátì tí wọ́n ń fi omi odò gbìn nílẹ̀ Hausa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa dínkù lọ́jà nígbà tí òjò bá ti wọlé, ọ̀wọ́n a sì dé. Ọdún mìíràn wà tí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, kòkòrò kan tí ń jẹ́ Tuta absoluta wọ oko tòmátì ní Kaduna, Kano àti Katsina, ó jẹ wọ́n run débi pé àwọn èèyàn pè é ní Ebola tòmátì. Ẹni tó bá ní ogún àpò tòmátì tàbí ata rodo tó ń so lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, owó ló ní yẹn. Ìdí nìyí tí kómítì fi gbà kí á máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó fún ọ̀rá, àpò àti irúgbìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tí a lọ yẹ àwọn àpò wò, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a rí ni ewé. Ewé dúdú minimini, igi tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ ó sì wá òdòdó títí, ẹ ò ní rí ju méjì mẹ́ta. Àwọn mìíràn so, ṣùgbọ́n ìdí èso dúdú, ó sì rà. Àwọn mìíràn tún wà tí igi wọn kú lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n gbìn ín. Bí ẹ bá bi olóko léèrè, yóò ní, “Akọ̀wé, ìgbẹ́ adìẹ tí mo dà sí i mà pọ̀!” Bẹ́ẹ̀ ni. Ó pọ̀. Owó ẹgbẹ́ sì wà lọ́rùn onítọ̀hún àti lọ́rùn onídùúró rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ní kí á kọ èyí.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé ata inú àpò dà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Ata inú oko lè ran gbòǹgbò rẹ̀ lọ wá oúnjẹ níbi tó jìnnà. Ti inú àpò kò ríbi kan lọ. Ohun tí o bá fún un ni yóò jẹ. Bí o bá fún un ní májèlé, yóò jẹ ẹ́. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, ebi yóò pa á. Òjò kò sì ní bá a fọ àjẹjù rẹ̀ kúrò, nítorí òrùlé wà lórí rẹ̀. Ní oko gbalasa, ẹni tó bá da ajílẹ̀ jù lè rí àánú òjò gbà. Lábẹ́ ọ̀rá, kò sí àánú.

Oúnjẹ mẹ́ta

Ẹ wo ara àpò ajílẹ̀ òyìnbó. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n kọ síbẹ̀, bíi 15-15-15. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rà á láti ogún ọdún láìbéèrè ohun tó túmọ̀ sí. Nọ́ńbà èkínní ni náítírójìn, èkejì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta ni pọ́táṣì. Ó ń sọ pé nínú ìwọ̀n 100 ohun tó wà nínú àpò náà, 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àpò oníkílò 50, kílò 7 àbọ̀ ni náítírójìn inú rẹ̀.

Náítírójìn ni oúnjẹ ewé. Òun ló ń mú igi ga, tó ń mú ewé dúdú. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ti gbòǹgbò lẹ́yìn, ó sì ń ran òdòdó lọ́wọ́. Pọ́táṣì ni oúnjẹ èso: òun ló ń mú kí èso kún, kí ó pọ́n dáadáa, kí ara rẹ̀ le, kí ó sì dùn lẹ́nu. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ohun tí ata nílò nígbà tó wà lọ́mọdé kọ́ ni ó nílò nígbà tó lóyún.

Ìgbẹ́ adìẹ, náítírójìn ló pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì yòókù náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá ń da ìgbẹ́ adìẹ nìkan sí tòmátì láti ọjọ́ tó gbìn ín títí dọjọ́ ìkórè, ewé ló ń bọ́. Ewé náà yóò sì dáa! Kò sẹ́ni tó ń ra ewé tòmátì lọ́jà.

Kí a má tún tan ara wa jẹ nípa agbára rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná kì í sábà ní ju 2 sí 4 náítírójìn nínú 100. Bí a bá mú un ní 3, àpò ìgbẹ́ adìẹ márùn-ún oníkílò 50 ni yóò tó náítírójìn inú àpò 15-15-15 kan ṣoṣo. Kì í sì í tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn kan ń fi èyí bú u pé kò lágbára. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tú jẹ́jẹ́ kì í tètè jó gbòǹgbò, ó ń mú kí ilẹ̀ rọ̀, ó ń mú kí ilẹ̀ di omi mú, ekòló sì fẹ́ràn rẹ̀. Fún ẹni tó ń gbin nǹkan sínú àpò, tí omi tètè ń gbẹ níbẹ̀, ìyẹn nìkan tó èrè. Kò sì gbọdọ̀ wọ́n ẹ lọ́wọ́ bíi ti òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti pọ́táṣì, nítorí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, owó ajílẹ̀ fò sókè káàkiri ayé, nítorí Rọ́ṣíà àti aládùúgbò rẹ̀ Belarus wà lára àwọn tó ń ta pọ́táṣì jù lọ. Ilẹ̀ Nàìjíríà ń ṣe ajílẹ̀ yúríà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n yúríà kò ní pọ́táṣì nínú rárá. Òkè òkun la ti ń ra ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ wọ oko kòkó lágbègbè Oǹdó tàbí Ifẹ̀ nígbà ìkórè, ẹ ó rí èèpo kòkó tí wọ́n kó jọ gègèrè tó ń jẹrà. Kí ni àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú ń fi èèpo kòkó ṣe? Wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń fi omi ro eérú rẹ̀. Omi eérú tó ń ta ni lọ́wọ́ yẹn, pọ́táṣì ni! Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ohun tí à ń fi owó òkè òkun rà, ìdí igi kòkó ló wà. Kódà kíkó èèpo náà kúrò lóko ń ran kòkó lọ́wọ́, nítorí èyí tó bá rà níbẹ̀ a máa pa àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú mọ́.

Ẹni tí kò bá súnmọ́ oko kòkó, eérú igi ìdáná dára, eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dára. Kí ó sáà jẹ́ eérú igi àti ewé gidi. Eérú pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, eérú ọ̀rá, eérú táyà, ẹ má fi sún mọ́ ohun tí èèyàn yóò jẹ. Kí ẹ sì kó eérú síbi gbígbẹ, nínú ike tó ní ìdérí. Eérú tí òjò bá ti rọ̀ sí, pọ́táṣì rẹ̀ ti bá omi lọ.

Ìgbẹ́ tútù kì í ṣe ajílẹ̀

Mo fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbẹ́ tí a kó jáde lábẹ́ adìẹ láàárọ̀ yìí, kì í ṣe ajílẹ̀. Ohun tí a lè fi ṣe ajílẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́ kì í ti í ṣe gàrí. Ó gbóná, ó sì ní afẹ́fẹ́ kan tó ń ta ni nímú bí ìtọ̀ àná. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá kan gbòǹgbò ọmọ ata, yóò jó o. Iyọ̀ inú rẹ̀ yóò tún máa fa omi kúrò lára gbòǹgbò. Ìdí nìyẹn tí igi fi ń rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé omi kò sí nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tutù. Olóko yóò tún bu omi sí i. Kò pẹ́ tí yóò fi kú.

Ti èèyàn tilẹ̀ tún ju ti igi lọ. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru wà nínú ìgbẹ́ adìẹ àti ti màlúù. Bó bá ta sára tòmátì tí ọmọ rẹ yóò mú jẹ láìsè, o mọ ibi tó ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó de àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo ajílẹ̀ kẹ́míkà sọ pé bí wọ́n bá lo ìgbẹ́ tútù, ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún ó kéré tán 120 ọjọ́ kí wọ́n tó kórè ohun tó ń kan ilẹ̀, àti 90 ọjọ́ fún ohun tí kì í kan ilẹ̀. Oṣù mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Tòmátì yín kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú àpò kí ẹ tó kórè rẹ̀. Nítorí náà, kò sí àyè fún ìgbẹ́ tútù nínú iṣẹ́ àpò rárá. Ti ìgbẹ́ èèyàn àti omi gọ́tà, mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni táífọ́ọ̀dù àti onígbáméjì ń gbé.

Bí a ṣe ń mú un jinná kò le. Ẹ wá ibi tí òjò kò ti ní rọ̀ sí i. Ẹ kó ìgbẹ́ adìẹ ìpín kan, kí ẹ kó ewé gbígbẹ, èèpo àgbàdo, pòpórò tí a gé wẹ́wẹ́ àti koríko gbígbẹ ìpín méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun pákó láti ibi ìlàgi dára díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, yóò pẹ́ kí ó tó jẹrà, yóò sì máa fa náítírójìn mọ́ra dípò kí ó fún ata. Ewé igi olódòdó aláwọ̀ ìyeyè tó kún ẹ̀bá títì, tó korò, tí àwọn kan ń pè ní jogbo, ẹ bẹ́ ẹ mọ́ ọn. Koríko lásán ni a kà á sí, bẹ́ẹ̀ ni náítírójìn àti pọ́táṣì pọ̀ nínú ewé rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ewé lọ.

Kí òkìtì náà ga tó àyà àgbàlagbà, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá kéré jù, kò ní gbóná. Ẹ wọ́n omi sí i kí ó rin bí aṣọ tí a fún: bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kí omi má kán ju ẹ̀kán kan méjì lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fà á yọ. Bí ẹ kò bá lè di irin náà mú pẹ́, iṣẹ́ ń lọ. Ooru yẹn gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n 55 Sẹ́líṣíọ̀sì fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó lè pa kòkòrò àìsàn àti èso koríko. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sáàárín, nítorí ẹ̀gbẹ́ kì í gbóná. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ooru yóò lọ, òórùn yóò lọ, yóò sì dúdú bí ilẹ̀ ìdí ìràwé. Bí ẹ kò bá ní i lójú pé ó ti jinná, ẹ bù díẹ̀ sínú agolo, kí ẹ gbin èso tẹ̀tẹ̀ sí i. Bó bá hù tí kò sì jó, ó ti jinná.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí èyí. Ẹ má da eérú mọ́ òkìtì ìgbẹ́ tó ṣì ń jinná. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ń ṣe é kí ó má baà rùn. Eérú yóò lé afẹ́fẹ́ tó ń ta ni nímú yẹn jáde kíákíá, afẹ́fẹ́ náà sì ni náítírójìn tí ẹ fẹ́. Owó yín ló ń fò lọ sójú ọ̀run yẹn. Eérú ní àyè tirẹ̀, ó ń bọ̀ níwájú.

Láti ọjọ́ tí a lọ́ ọ títí di òdòdó

Àpò ìrẹsì oníkílò 50 tí a ká sílẹ̀ dé ìdajì tó fún igi kan. Ẹ lu ihò sídìí rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta sí ajílẹ̀ jíjinná apẹ̀rẹ̀ kan. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ alámọ̀, ẹ fi iyanrìn apẹ̀rẹ̀ kan sí i. Oúnjẹ tó wà níbẹ̀ yẹn yóò tó o fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi í sílẹ̀! Ìgbà yìí gan-an ni ọwọ́ ń yun àwọn èèyàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ bu ajílẹ̀ jíjinná agolo mílíìkì kan yí etí àpò ká, kí ó má kan igi, kí ẹ fi ilẹ̀ bò ó, kí ẹ bomi rin ín. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n tí igi kò sì fẹ́ ga, a lè fi omi ajílẹ̀ ràn án lọ́wọ́: kóńgò kan ajílẹ̀ jíjinná sínú garawa omi kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a máa rò ó lójoojúmọ́, kí a fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí a tún fi omi garawa kan là á títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bíi tíì tí kò dúdú. Ìdí igi ni a ń da á sí, a kì í da á sórí ewé. Bí igi bá ti tanná, omi ajílẹ̀ parí.

Ẹni tó bá ń fín aáṣà tàbí tó ń mu sìgá, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ata. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ata, tòmátì, ìgbá àti tábà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àrùn tó wà lára ewé tábà lè gba ọwọ́ èèyàn bọ́ sára tòmátì, ewé rẹ̀ a máa ní àbàwọ́n, a sì káko.

Láti òdòdó títí di ìkórè: ibi tí owó wà

Bí ẹ bá ti rí òdòdó àkọ́kọ́, ẹ yí ọwọ́ padà. Ìgbẹ́ adìẹ yóò dínkù sí ìdajì agolo lẹ́ẹ̀kan lóṣù, eérú yóò sì wọlé. Ṣíbí ìjẹun kan fún àpò kan, kí a pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè, kí a bomi rin ín. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí pé mo yin eérú lókè, ẹ má lọ da igbá kún àpò. Àṣejù eérú a máa sọ ilẹ̀ di ohun tó ń ta bí omi ọṣẹ, ewé tuntun yóò sì pọ́n nítorí pé gbòǹgbò kò lè fa àwọn oúnjẹ kéékèèké mìíràn mọ́.

Ti ìdí èso tó ń dúdú tó ń rà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àrùn tí wọ́n sì ń ra oògùn fún: oògùn kankan kò ní wò ó. Ohun tó fà á ni pé kálísíọ̀mù, èyí tí egungun àti èèpo ẹyin fi le, kò dé ìdí èso. Omi ló ń gbé e débẹ̀. Bí a bá bomi rin àpò lónìí, tí a gbàgbé rẹ̀ lọ́la, tí a tún rì í sómi lọ́tunla, kò ní débẹ̀. Ẹ lọ èèpo ẹyin kúnná bí ẹlùbọ́, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn, nítorí ó ń pẹ́ kó tó tú. Lẹ́yìn náà, kí omi máa lọ déédéé láàárọ̀, àti lálẹ́ bí oòrùn bá mú. Kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú àpò. Àjẹjù ìgbẹ́ adìẹ náà ń mú un burú sí i, nítorí ewé tó pọ̀ jù ni yóò gba gbogbo omi náà mọ́ èso lọ́wọ́.

Nígbà tí tòmátì àkọ́kọ́ bá ti ń yí àwọ̀, ẹ dá ìgbẹ́ dúró pátápátá. Ibí yìí ni ìjà wà, nítorí ó ń dun èèyàn láti má fún ohun tó ń so ní oúnjẹ. Ohun tó bá jẹ láti ìgbà yìí lọ, ewé tuntun ni yóò fi ṣe. Èso tó ti wà lára igi kò nílò rẹ̀. Ara rẹ̀ ni yóò kàn máa rọ̀ sí i. Ẹ̀yin ìyá alátùntà ẹ mọ irú tòmátì bẹ́ẹ̀: ó tóbi, ó pupa, ó dára lójú, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó dé ọjà, ó ti di omi nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ẹ tún dín omi kù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Bí ewé bá rọ, ó ti pọ̀ jù. Bí omi bá ṣì pọ̀ nígbà tó ń pọ́n, èso a máa là, adùn rẹ̀ náà a sì dínkù.

Tòmátì tí ń gùn lọ láìdúró, ẹ gé ọ̀mùnú orí rẹ̀ ní bí oṣù kan ṣáájú ìgbà tí ẹ fẹ́ tú àpò, kí agbára má baà lọ sí òdòdó tí kò ní di èso. Irú kúkúrú tó ń so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò nílò èyí, òun fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tí yóò dúró. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ tó bá ti pọ́n, kí atẹ́gùn lè rìn lábẹ́ ọ̀rá.

Ata rodo yàtọ̀. Rodo a máa so fún oṣù púpọ̀, ẹni tó bá dá oúnjẹ rẹ̀ dúró níkòórè àkọ́kọ́ ti pa á. Lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní ìdajì agolo ajílẹ̀ jíjinná, kí ẹ tún dúró de òdòdó. Ìgbà tí ẹ bá mọ̀ pé èyí tó kàn ni yóò kẹ́yìn ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró.

Nígbà tí a bá ń já a

Òwúrọ̀ ni kí ẹ já a, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ tí oòrùn kò tíì mú. Tòmátì tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ já a nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Yóò pọ́n tán lójú ọ̀nà. Èyí tí ẹ óò tà ládùúgbò lè pọ́n dáadáa. Ata, ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ tútù yẹn wà lára rẹ̀. Ibi tí a bá ti fà á yọ ni ìrà ti ń wọlé.

Àti ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi igi pala hun yẹn, a ti mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n tòmátì ìsàlẹ̀ ni ó ń ru gbogbo ẹrù, etí rẹ̀ sì ń gún èso. Àpótí oníke tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a lè tò lé ara wọn láìjẹ́ pé ẹrù kan tẹ èkejì, ó sàn jù lọ́nà jíjìn. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti apẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ka iye tòmátì tí ẹ ń dà nù lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n.

Lẹ́yìn ìkórè ìkẹyìn, ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá padà sínú ilẹ̀ àpò kan náà. Àrùn tó ń mú igi rọ lójijì máa ń dúró nínú ilẹ̀ de ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ tàbí ẹ̀wà sí i lákọ̀ọ́kọ́. Bí igi kan bá ti rọ nínú àpò kan rí, ẹ da ilẹ̀ yẹn jìnnà sí àwọn yòókù.

Ìkéde díẹ̀ lórí èyí. Kómítì ń ṣètò láti ra ìgbẹ́ adìẹ pọ̀, kí a sì mú un jinná lójú kan, kí olúkúlùkù má baà máa dá a ṣe ní ẹ̀yìnkùlé kí àwọn aládùúgbò wá máa bínú. Ẹni tó bá fẹ́ kí a ka òun mọ́ ọn, kí ó kọ orúkọ àti iye àpò tó nílò sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó mú àpò òfìfo tirẹ̀ dání. Ẹni tó bá mọ olóko kòkó tó lè fún wa ní èèpo gbígbẹ, kí ó jọ̀wọ́ wá rí mi ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.